Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni afọlé ń gbà

Nígbà tí à ń múra ìsìnkú ìyá wa àgbà ní Akaka Rẹ́mọ, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí ni pé a gbọ́dọ̀ fọ ara ilé. Ilé náà ti pẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nígbà tí owó dé, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Ọ̀dà ọ̀hún ti ṣá. Erùpẹ̀ pupa tí òjò máa ń ta láti ilẹ̀ ti gun ògiri dé ìdajì, òkè ibẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi. Èmi ni mo ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nípa ọjà àti òwò, wọ́n sì gbà pé kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí n kò mọ̀.

Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìsarà. Kò gbé ẹ̀rọ dání lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọ̀kadà lásán ló gùn. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó sì ń fetí sí i. Ibi tó bá ti dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó wo fẹ́ǹsì, ó wo íńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé, ó wo wáyà iná tó ti orí òpó wọlé. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, mi ò ní lè fi ẹ̀rọ fọ ara ilé yìí." Fẹ́ǹsì àti iwájú ilé lòun lè ṣe. Ní ti ògiri, ó ní bíríkìlà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ló sì yẹ ká fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rò pé owó ló ń wá. Wọ́n fi owó lé e. Ọmọ náà ò gbà. Wọ́n tún fi lé e, kò gbà. A pè é ní agbéraga, èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. A wá ẹlòmíràn láti apá Ṣágámù, kò tiẹ̀ wo ilé kó tó dá owó lé e, owó ọ̀hún sì rọjú. Kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, símẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì ti ya lulẹ̀, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù sí ìsìnkú. Owó tí bíríkìlà gbà lọ́wọ́ wa lé ní ìlọ́po mẹ́rin owó ìfọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní afọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n ń fọ fẹ́ǹsì, òrùlé, tánkì omi, pátákó ìpolówó, iwájú ilé epo, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Tẹ́lẹ̀, bí ilé bá dọ̀tí, ọ̀dà tuntun là ń kùn. Ṣùgbọ́n báyìí tí garawa ọ̀dà kan ti kọjá ohun tí ènìyàn ń fojú kéré, ọ̀pọ̀ onílé ló ń rò ó pé kí wọ́n fọ èyí tó wà níbẹ̀ ná. Ọ̀dọ́ tó bá dá àjọ tó sì kó o ní àsìkò tó dáa, ó lè ra ẹ̀rọ kan kó sì bẹ̀rẹ̀. Kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Fóònù rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní Àríwá Rẹ́mọ, láti Ìpara dé Òde Rẹ́mọ títí dé Ìsarà àti Akaka, iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí àwọn ará Èkó àti ará ìlú òyìnbó fẹ́ wálé, tàbí bí ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìṣòro wọn kì í ṣe àìríṣẹ́ nìkan. Iye tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn, iṣẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n gbà sì ń pa àwọn tó kù.

Bí a bá bi àwọn kan léèrè bí wọ́n ṣe ń dá owó lé iṣẹ́, ẹ ó rí i pé ojú oníbàárà ni wọ́n ń wò. Bí ọkọ̀ ńlá bá wà nínú ọgbà, owó á gòkè. Bó bá jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó á wálẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ̀yin, èló lẹ ní lọ́wọ́?" Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó ń rajà ló wá ń dá owó lé e. Kò sí èyí tó mọ iye tí iṣẹ́ náà ń ná òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ilé kan wà tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 3. Bí a bá yí i po, mítà 44 ni. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ara ògiri tí a ó fọ̀ á tó mítà onígun mẹ́rin 130, bí a bá yọ ojú fèrèsé díẹ̀ kúrò. Ká ní ìdọ̀tí ara rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè fi wákàtí mẹ́rin ká. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo epo bẹntiróòlù lè tu omi tó lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan nìyẹn, lítà 600. Wákàtí mẹ́rin, lítà 2,400. Ẹ pín in sí inú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, kẹ́ẹ̀gì 96 ni. Ta ni yóò fa omi yẹn nínú kànga ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí kànga ti lọ sílẹ̀? Ìbéèrè tí afọlé gbọ́dọ̀ bi oníbàárà kó tó sọ iye owó nìyẹn: omi dà, ta ló sì ń san owó rẹ̀?

Ká ní oníbàárà ní bòhóòlù, omi kò sí nínú ìṣirò wa. Epo inú ẹ̀rọ, lítà mẹ́fà. Ká fi lítà kan sí 1,000 náírà kí ìṣirò lè rọrùn, 6,000 náírà. Ọmọọ̀ṣẹ́ kan tí yóò máa gbá omi, tí yóò di àkàbà mú, 7,000. Ọṣẹ àti jíìkì, 5,000. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ lọ tó gbé e bọ̀, 4,000. Ọ́ìlì àti rọ́bà tó ń bẹ́ nígbà gbogbo, 1,500. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ká ní 400,000 ni wọ́n rà á, tí yóò sì ṣe igba iṣẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, 2,000 náírà ló ń jẹ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó pọ̀: 25,500 náírà. Afọlé ò tíì gba kọ́bọ̀.

Oníbàárà wá ná an dé 30,000. Afọlé rò pé owó ńlá lòun gbà. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ni 4,500 náírà, ọmọọ̀ṣẹ́ tó ń gbá omi fún un sì gba 7,000. Bó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá lóṣù, 45,000 ni èrè rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ọ̀gá tó ní ẹ̀rọ, tó ní ewu, tó ní gbèsè àjọ lọ́rùn, kò rí tó ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n bó bá dúró lórí 40,500, tí 15,000 kù sí i lọ́wọ́, iṣẹ́ mẹ́fà lóṣù tó láti mú un dé àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ tó kéré, owó tó dáa, ara tó sinmi. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tó lọ wo ilé lófo wà nínú 15,000 yẹn o.

Ohun mìíràn tún ni pé iye owó máa ń darúgbó. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá 600 ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. Afọlé tó bá ti sọ iye owó fún oníbàárà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n wá pè é ní oṣù kẹjọ pé, "Iye tí o sọ ni mo fi pamọ́ fún ọ," kí ló fẹ́ ṣe? Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n inú wọn fi ń kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kó fi ránṣẹ́ lórí fóònù, pé owó yìí dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Iṣẹ́ kékeré tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnì kan á ní kí ẹ wá fọ ìloro òun nìkan. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ìloro ni. Ó yẹ kí afọlé ní iye kan tí kò ní torí ohun tó kéré sí i jáde nílé, kó sì sọ ọ́ lórí fóònù kó tó wá.

Èènì ńkọ́? Yorùbá ò lè rajà láìgba èènì, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Oníbàárà á dúró títí iṣẹ́ fi fẹ́ parí, á ní, "Ẹ bá mi fi omi lu mọ́tò yìí ná," lẹ́yìn mọ́tò, tánkì, lẹ́yìn tánkì, ilé adìyẹ. Ọmọ Ìsarà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n tó wù mí lórí èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yan èènì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Màmá, mo máa fi àtẹ̀gùn iwájú ilé ṣe èènì fún yín." Èènì ti wọlé, ẹnu ti pa. Ọmọ ìyá ọjà ni.

Ní ti ẹbí, ibẹ̀ ni nǹkan ti le jù ní ìlú kékeré. Ní Akaka, ta ni kì í ṣe ẹbí? Ẹni tí kò bá bá ọ tan níhà bàbá, á bá ọ tan níhà ìyá, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó kọ́ ọ ní ilé ìwé. Bí afọlé bá fún gbogbo wọn ní owó ẹbí, ẹ̀rọ á kú, kò ní rí òmíràn rà. Bí kò bá sì fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti là. Èrò tèmi ni pé kó sọ owó tó pé ná, kó wá dín in lójú wọn: 40,500 ni, ẹ san 36,000 nítorí pé ẹ̀yin ni. Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mọ iye tí àbúrò fi ta òun lọ́rẹ. Ẹni tó bá ti dín in nínú ọkàn rẹ̀ kó tó sọ ọ́, wọ́n ṣì máa ná èyí tó kù.

Ó wá ku àwọn iṣẹ́ tí kò ṣeé gbà. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ wà lára wọn, mo ti fi owó ẹbí wa kọ́ ìyẹn. Símẹ́ǹtì kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀ tinútinú. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, àlàfo á wà láàárín wọn, omi ẹ̀rọ á gba ojú sísán kékeré wọ ibẹ̀, á sì ti símẹ́ǹtì jáde láti inú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ò wọ́n láàárín ìlú ní Akaka, ní Ìpẹru, ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi gbogbo tí bàbá wa ti kọ́lé kí búlọ́ọ̀kù tó gbòde.

Òrùlé asbestos tún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé ìjọba àti ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́. Ìdọ̀tí máa ń di mọ́ ọn lára gan-an, onílé á sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí i kúrò. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Bí omi alágbára bá lu asbestos, á tú fọ́nrán kéékèèké tí ojú ò lè rí sílẹ̀, ẹni tó bá fà á símú lè ru àrùn ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ tí kò ní fara hàn títí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo lílo asbestos ní ọdún 1999, èyí tó sì wà lórí ilé tẹ́lẹ̀, wọn ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi omi alágbára fọ̀ ọ́. Kò sí iye owó tó kó irú ewu bẹ́ẹ̀.

Gíga náà ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tó ń fọ fèrèsé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé láti ọdún 2005 ni òfin kan ti wà níbẹ̀ lórí iṣẹ́ orí òkè, tó ní kí ènìyàn má gun òkè bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ afọfèrèsé níbẹ̀ fi ń dúró sórí ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tó ń gbé omi gòkè fọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Níhìn-ín, àkàbà onígi kan, ẹsẹ̀ òfìfo, omi ọṣẹ nílẹ̀, wáyà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹni tó bá já bọ́, kò sí ẹni tó máa sanwó ilé ìwòsàn rẹ̀. Bí onílé ò bá gbà kí wọ́n de igi bí àwọn bíríkìlà ṣe ń dè é, tí kò sì gbà kí wọ́n pa iná, kí afọlé máa lọ ilé rẹ̀.

Èyí tí àlejò ò ní mọ̀ ni ti ilé ẹbí tí wọ́n ń jà lé lórí. Àbúrò á gba afọlé pé kó wá fọ ilé bàbá àwọn, ẹ̀gbọ́n á dé láti Èkó, á ní, "Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ilé bàbá mi?" Afọlé rò pé ìdọ̀tí lòun ń fọ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá tún ilé ṣe ti ń sọ pé òun ló ni ín. Owó á há, ẹ̀rọ pàápàá lè há. Kò burú kí afọlé béèrè olórí ẹbí kó tó fa rọ́bà sílẹ̀. Bákan náà ni ti ayálégbé tí kò tíì sọ fún onílé.

Àwọn oníbàárà kan wà tí kò sí ohun tó ṣe ilé wọn, àwọn gan-an ni ìṣòro. Ẹni tó bá ń ka orúkọ gbogbo oníṣẹ́ tó ti ṣe iṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ pé olè ni wọ́n, ìwọ ló kàn. Ẹni tó bá ní kí o ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́, pé iṣẹ́ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, iṣẹ́ ńlá yẹn, ẹlòmíràn ló máa gbé e fún.

Ọ̀pọ̀ afọlé ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kí wọ́n pe owó gọbọi kí oníbàárà lè sá. Ọgbọ́n yìí dára fún iṣẹ́ tó kàn jìnnà tàbí tó kàn ń sú ènìyàn, torí bí oníbàárà bá gbà, owó náà tó ìyà tí ènìyàn fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tó léwu, ọgbọ́n òdì ni. Bí ẹ bá pe ìlọ́po mẹ́ta fún ògiri amọ̀, tí oníbàárà tó lówó sì ní, "Ó dáa, ẹ máa bọ̀ lọ́la," ẹ ti fẹnu yín gba ohun tí ẹ mọ̀ pé yóò wó. Kò sì ní gbàgbé pé owó ńlá lẹ gbà kẹ́ ẹ tó ba ògiri òun jẹ́.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn náà wọn ò ní gbé fóònù mọ́. Èyí ló ba oníṣẹ́ ọwọ́ wa jẹ́ jù lójú aráyé, mo sì gbà pé nínú mẹ́wàá tó ń ṣe é, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òpùrọ́, ojú ló ń tì wọ́n láti kọ̀ fún àgbà. Ẹ wo bí ọmọ Ìsarà ṣe ṣe tirẹ̀: lọ́jọ́ náà gan-an, lójúkojú, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ògiri ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò sọ nípa wa. Ó sọ apá tó lè ṣe, ó sì sọ ẹni tó yẹ ká pè fún èyí tí kò lè ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ká ní a gbọ́ ni.

Ní oṣù kejìlá tó tẹ̀ lé ìsìnkú, èmi ni mo pè é. Kò bú wa, kò sì bi wá pé ògiri ńkọ́, ó kàn wo ibi tí bíríkìlà ti lẹ̀ ẹ́. Ó wọn fẹ́ǹsì, ó wọn íńtálọ́ọ̀kì, ó kọ iye owó àti ọjọ́ sí orí ìwé kékeré kan, ó ní àtẹ̀gùn ni èènì wa. Owó náà pọ̀ ju èyí tó sọ fún wa nígbà àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ò ná an. Nígbà tó fi omi ṣan ilẹ̀ tán, wọ́n tún bi í bóyá kò lè fi ẹ̀rọ náà kan ògiri díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí kìṣíìnì nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, búrọ́ọ̀ṣì ni o." Ó ká rọ́bà rẹ̀, ó de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gba ọ̀nà Òde lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.